Àjọ Ìwé: Bí Ọ̀rẹ́ Mẹ́fà Ṣe Lè Jọ Ka Ìtàn Ìfẹ́ Onídán ní Abẹ́òkúta

Tó o bá ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ aṣọ ìbora rí láago méjì òru, torí pé ọmọbìnrin inú ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ọba tó ń bá òun ṣọ̀tá ló ti yọ òun nínú ewu lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ gan-an ni mo kọ èyí fún. Mo mọ bí àyà ṣe máa ń lù nírú òru bẹ́ẹ̀. SS2 ni mo wà nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, nílé wa ní Asẹ́rọ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi lórí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ohun tó dùn mí jù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Màmá mi bi mí pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n. Mo ní kò sí nǹkan.

Irú ìtàn tí mò ń wí ni èyí tí ìfẹ́ jẹ́ òpó rẹ̀, tí idán, iwin, dírágónì tàbí ìlú tí kò sí lórí máàpù sì jẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ yí òpó náà ká. Yọ ìfẹ́ kúrò, ilé á wó. Yọ idán kúrò, ìfẹ́ náà ò ní ríbi gbé. Àwọn kan láyìíká wa máa ń ní eré ọmọdé ni. Èmi ò gbà. Ọmọ tó ń fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ka ìwé olójú ewé 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà ò lè ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni owó. Ìwé wọ̀nyí nípọn, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, wọn kì í sì í dá wá: o ka ẹ̀gbọ́n tán, àbúrò méjì tàbí mẹ́ta ń dúró dè ọ́. Owó oúnjẹ iléèwé ò lè gbé e. Àmọ́ àwọn ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú ti rí ojútùú sí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Bí owó ẹnì kan ò bá ká ọjà, wọ́n á dá àjọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi márùn-ún fi ìwé rọ́pò ọjà, a sì ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Bá a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀, títí kan ibi tá a ti ṣì í ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: wá ẹni márùn-ún

Ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ àmọ́ tí kò fẹ́ràn ìwé máa dá owó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè tẹ́ ọ lọ́rùn, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ. Ẹni tó ò ń wá ni èyí tó jẹ́ pé bó o bá ń sọ ìtàn fún un, tó o wá dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Ó wá ṣe báwo?" Mo rí méjì nínú tèmi nínú kíláàsì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ aránṣọ àdúgbò wa tó rí ìwé lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń dúró de aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e wá, a sì pé mẹ́fà.

Ibi tí kálukú ń gbé ṣe pàtàkì. Ọ̀nà kan náà làwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà, láti Adátán dé Ọbáńtokò, ìwé sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìná ju owó máruwà ẹyọ kan. Ká ní ọ̀kan wà ní Lafẹ́nwá, tí èkejì wà lẹ́yìn Panṣẹ́kẹ́, owó ọkọ̀ ì bá ti jẹ owó ìwé tán. Mẹ́fà ló sì bá wa lára mu. Mẹ́rin kéré, owó ò ní tètè pé. Mẹ́jọ pọ̀, ìwé á ti gbó kó tó dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn.

Ẹ fi ẹni tó dàgbà jù ṣe alájọ. Tiwa ti wà ní yunifásítì, Àǹtí la sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ. Òun ló ń gba owó, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, tí ẹni tó san á sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀. Kí àwọn òbí yín mọ̀ sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá ọ̀kan nínú wa gbọ́ lẹ́nu ará ilé pé ọmọ òun ń kó owó fún àwọn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú bí wọn, wọ́n ní ó tán. Àǹtí gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ bá wọn nílé, ó kúnlẹ̀, ó ṣí i, ó sì tún gbé ìwé tá a kọ́kọ́ rà jáde. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Ìwé lẹ ń fi àjọ rà?" Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń rán ọmọ wọn létí ní Sátidé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò owó àti ọjọ́ pa pọ̀

Àwọn àgbà á sọ pé èésú gan-an ni orúkọ ohun tá à ń ṣe, torí pé ó ń yí ká láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Àmọ́ àjọ ló wà lẹ́nu wa.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹni mẹ́fà, ₦500 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ₦18,000 nìyẹn. Iye yẹn la fi ń ra ìwé kan. Bí ìwé bá sì ti dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méje láti kà á, èyí tó tún jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nítorí náà, bí ẹni ìkẹyìn ṣe ń ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni owó ìwé tó kàn ń pé. Ẹ má yí iye ọ̀sẹ̀ àti iye èèyàn padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ẹ fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún dá a, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ kún un. Ìgbà tí owó àti ìwé bá jọ ń rìn ni kì í sí ọ̀sẹ̀ tí àjọ dà bí ẹni pé ó ti kú.

Ọ̀sẹ̀ 36 ni àjọ fi ń yí po, ìwé mẹ́fà nìyẹn. Ẹ ṣẹ́ ìbò láti mọ ẹni tí ìwé kìn-ín-ní máa jẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó ni ìwé ló máa kà á gbẹ̀yìn, kó lè gbé e lọ sílé tán pátápátá. Ó máa ń ṣòro fún un láti dúró, mo mọ̀, ó ti kàn mí rí. Àmọ́ bí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ kà á, ọwọ́ tútù ló máa fi gbé e fún àwọn tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yíyan ìwé

Ọjọ́ orí lẹ kọ́kọ́ máa wò. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ìfẹ́ onídán jẹ́ ti àgbà, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá níbẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ọdún 14. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ò ní sọ fún yín tán. Ìwé Sarah J. Maas kan wà tó ń jẹ́ A Court of Thorns and Roses. Nígbà tó jáde lọ́dún 2015, àárín ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tò ó sí. Ọdún 2020 ni wọ́n tó tún un tẹ̀ pẹ̀lú èèpo mìíràn, tí wọ́n kó o lọ sáàárín ìwé àgbà. Ẹ̀dà àtijọ́ ṣì ń yí kiri lórí àtẹ ìwé tòkunbọ̀, ẹni tó bá sì ń fi èèpo yan ìwé á gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Ohun tá a ń ṣe ni pé a máa ń wo ìkìlọ̀ táwọn òǹkàwé kọ nípa ìwé ká tó rà á. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ StoryGraph, Nadia Odunayo ló dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, àwọn tó ti kà á máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ìjà burúkú, ikú òbí, ìbálòpọ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, àti bó ṣe pọ̀ tó. Ọmọ ọdún 15 ló kéré jù nínú wa. Ọjọ́ orí rẹ̀ la fi ń wọn ìwé. Àwa tá a dàgbà jù ú lọ lè lọ ka tiwa níbòmíì.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, ẹ wo ètò ìwé. Ẹ má ra ìkejì kí ẹ tó ra ìkíní torí pé ó rọjú. Kí ẹ sì wò ó bóyá òǹkọ̀wé ti parí ìtàn náà. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde lọ́dún 2018, ìkejì tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, ìkẹta ò sì dé títí di 2024. Èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní SS1 á ti jáde níléèwé kó tó mọ bó ṣe parí. Ìdúró ní adùn tiẹ̀ o, àmọ́ kò yẹ àjọ tó ń ka ọ̀sẹ̀. (Tó o bá ń wá ibi tó o ti máa rí ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń pidán nínú ìwé òkè òkun, ìwé yẹn ni kó o wá.)

Ibi tá a ti ṣìnà jù nìyí. Nínú àjọ àkọ́kọ́, a ra ìtàn oníwèé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di ti ẹnì kan, gẹ́gẹ́ bí ìbò ṣe wí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa wọ yunifásítì ní Ìbàdàn, ó gbé ìkejì dání, ó sì tọ́ sí i, òun ló ni ín. Ìkíní àti ìkẹta ló kù sílẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n gé àárín rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìwé tó bá ní àbúrò kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Inú páálí àjọ ló ń wà, nílé Àǹtí. Ìwé tó dá dúró nìkan lèèyàn ń gbé lọ. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá bọ́ sórí ìwé inú páálí ló máa kọ́kọ́ mú nígbà tí àjọ tuntun bá bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rírà

Láàárín ìlú níbí, ní Kútọ̀ àti Sapọ́n, ìwé iléèwé àti ìwé àdúrà ló pọ̀ jù lórí àtẹ tí mo ti dé. Ẹ béèrè síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ orúkọ ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìyá kan tá a kọ orúkọ ìwé mẹ́ta fún pè wá lẹ́yìn oṣù méjì pé àwọn rí ọ̀kan nínú páálí ìwé tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bí kò bá sí níbí, Èkó ni. Reluwé ló rọrùn jù fún wa, láti ibùdókọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Laderin dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Yábàá níbi táwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ wà. Inú mi máa ń dùn pé orúkọ òǹkọ̀wé ló wà lára ibi tí mo ti ń wọkọ̀ lọ ra ìwé. Ẹni méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà.

Ìwé tòkunbọ̀ ò ní ìtìjú kankan nínú. Èyí tí mò ń sá fún ni ìwé tí wọ́n jí tẹ̀. Òǹkọ̀wé ò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ìwọ náà ò sì rí ìwé tó pé. A rà á rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwòrán rẹ̀ dán bíi dígí. Nígbà tó dé, tádàwà rẹ̀ ti ṣì, àwọn ìlà rẹ̀ wọ́, mo sì ní kò burú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo fẹ́. Lẹ́yìn ojú ìwé 288, ó padà sí 257. Ó tún ka ohun tí mo ti kà dé 288, ó wá fò sí 321. Gbogbo alẹ́ ijó tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara wọn ló wà nínú ohun tó sọnù. A ò rí owó wa gbà padà.

Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé máa ń tẹ bébà ńlá kan, wọ́n á ká a pọ̀ di ojú ìwé 16 tàbí 32, wọ́n á wá to àwọn ìdìpọ̀ yẹn léra. Bí ìdìpọ̀ kan bá bọ́, ojú ìwé 32 ló lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá mú ìwé dání, ẹ má kàn ṣí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ máa ṣí i ní ojú ìwé 32, 33, lẹ́yìn náà 64, 65, lẹ́yìn náà 96, 97, bẹ́ẹ̀ dé òpin, kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò níbi tó ti ń ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i

Ìwé tí ọwọ́ mẹ́fà máa dì mú nílò aṣọ. Bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló dára jù, kí ibi tó funfun wà níta. Lórí rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e. Fún gbígbé kiri, a rán àpò kékeré láti ara àkékù àdìrẹ tí màmá ọ̀rẹ́ mi gbà ní Ìtọ́kú. Ẹ fọ àdìrẹ tuntun náà títí omi rẹ̀ fi máa mọ́ kí ẹ tó rán an. A ò fọ tiwa, ọwọ́ mi lààgùn mọ́ ọn nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìwé sì pọ́n aró títí dòní.

Tí ìwé bá nípọn, tó sì jẹ́ tuntun, má ṣí i láàárín gbùà. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á sán, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gan. Fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì, di gbogbo ewé mú lóòró. Tẹ́ èèpo iwájú sílẹ̀, tẹ́ ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Mú ewé mẹ́wàá níwájú, tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, fi ìka tọ ìdí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mú mẹ́wàá lẹ́yìn, ṣe bákan náà. Iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, títí tó o fi máa dé àárín. Àǹtí ló máa ń ṣe tiwa, gbogbo wa á sì yí i ká, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Òjò pa ìwé kan lọ́wọ́ wa lóṣù kẹfà, ní Adátán, nígbà tí àpò ọ̀rẹ́ mi jò. Ẹ má sá a sóòrùn, á ká kò bí ewé gbígbẹ. Ẹ fi tísù tẹ́ àárín ewé, ní bí ogún ewé síra, ẹ gbé e dúró níwájú fáànù kí èèpo rẹ̀ là díẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ tísù bó bá ti tutù. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá. Nígbà tó gbẹ tán, a fi àwọn ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wú díẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó parẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ méje

Ìwé olójú ewé 500 láàárín ọjọ́ méje túmọ̀ sí ojú ewé 72 lójúmọ́. Ó ṣeé ṣe, bó o bá ka 20 kó o tó lọ síléèwé, tó o sì ka ìyókù lálẹ́. Lásìkò ìdánwò, ẹ dá àjọ dúró pátápátá, owó àti ìwé lápapọ̀. Aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé ni ìwé ń kúrò lọ́wọ́ kan, yálà o kà á tán tàbí o ò kà á tán. Ẹni tí kò bá kà á tán á dúró títí dé ẹ̀yìn.

Ìṣòro tó le jù níbí ni ẹnu. Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ òpin, ẹni kẹfà máa dúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún. A fi òfin sí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, "Ibo lo dé?", nọ́ńbà orí sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá tú ìtàn á san ₦200 sínú páálí. Òfin náà dára, àmọ́ kò pẹ́ tó fi dà bí ìjìyà, torí ta ló fẹ́ ka irú ìwé báyìí kó sì panu mọ́? Ọmọ aránṣọ yẹn ló wá mú ọgbọ́n wá. Bí ohun kan bá gún ọ lọ́kàn nígbà tó ò ń kàwé, kọ lẹ́tà sí ẹni tó kàn. Fi sínú àpòòwé, lẹ̀ ẹ́, kọ sí ara rẹ̀: "Ṣí i tó o bá parí orí 31." Kó o fi há ibẹ̀.

Nǹkan yìí ló sọ wá di ẹgbẹ́. Ìwé kẹta tá a rà dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn pẹ̀lú àpòòwé mẹ́tàdínlógún nínú. Lẹ́tà kan wà tó jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Òmíràn kàn sọ pé, "Mo mọ̀ pé ò ń sunkún. Èmi náà sunkún. Lọ mu omi." Níbi orí 31 gan-an, níbi tí ọkùnrin inú ìtàn ti dalẹ̀ ọmọbìnrin náà tán, tó sì yẹ kó padà wá àmọ́ tí kò padà, lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ọwọ́ ẹni mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu. Ọ̀kan dárí jì í. Ọ̀kan ò dárí jì í. Ìkẹta ní ọmọbìnrin náà ló yẹ kó tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ẹni kẹfà bá kà á tán, ẹ pàdé. Pálọ̀ ẹnì kan ti tó, pẹ̀lú ẹ̀pà àti gààrí tútù. Ibẹ̀ ni ẹnu á ti là. Ẹ máa jà, kò sí bí ẹ ò ṣe ní jà, torí ẹnì kan á fẹ́ kí ọmọbìnrin inú ìwé fẹ́ ọmọ ọba, ẹlòmíì á fẹ́ kó fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ti ń tẹ̀ lé e láti orí kìn-ín-ní. Ohun kan ṣoṣo tá a fi ń tọ́ ìjà sọ́nà ni "Mú ojú ìwé wá." Bó o bá ní ọmọ ọba ti yí padà, fi ibi tó ti yí padà hàn wá. Ṣé ó ṣe ohun kan tó ná an ní nǹkan? Àbí ojú rẹ̀ ló dára? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an, mo sì ti rí i tí ọ̀rẹ́ mi kan gbé e kúrò nínú ìwé, tó fi wo ọmọkùnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tẹ́ ẹ máa kà lórí fóònù láàárín ìgbà yẹn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, owó ò tíì pé, ìwé ò tíì sí. Ibí ni fandom ti wúlò, ìyẹn agbo àwọn tó fẹ́ràn ìwé kan náà káàkiri ayé, tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ìtàn mìíràn nípa àwọn èèyàn inú rẹ̀. Archive of Our Own ni ilé ìkówèésí tó tóbi fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọdún 2009 ló ṣí fún gbogbo èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ọrẹ àwọn òǹkàwé ló ń gbé e ró, ó sì gba Hugo, àmì ẹ̀yẹ àwọn ìtàn onídán àti ti sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2019.

Nítorí dátà, má jókòó kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣí ìtàn tó o fẹ́, tẹ Download lókè, yan EPUB. Fáìlì kékeré kan á wọlé, wàá sì kà á nínú áàpù ìkàwé lórí fóònù rẹ láìsí dátà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ 100,000. Kó o tó ṣí ìtàn, wo ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i: General ni ti gbogbo èèyàn, Teen ni ti ọ̀dọ́ láti ọdún 13 sókè, Mature àti Explicit ni ti àgbà. Òǹkọ̀wé tún máa ń to àkọlé kéékèèké sísàlẹ̀ orúkọ ìtàn tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kà wọ́n. Ìwà ọmọlúàbí ni pé tó o bá rí ohun tí kò bá ọ lára mu, kó o jáde jẹ́jẹ́, kó o má sì kọ èébú sílẹ̀ fún ẹni tó fi òru rẹ̀ kọ ọ́. Tó o bá gbádùn rẹ̀, kọ ìlà kan síbẹ̀.

Àwọn tó o bá pàdé níbẹ̀, má sọ iléèwé rẹ, àdúgbò rẹ tàbí nọ́ńbà rẹ fún wọn, bó ti wù kí wọ́n mọ ìwé tó. Ẹni tó ní kó o kúrò láàárín agbo kó o wá bá òun sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, sọ fún Àǹtí tiyín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kọ tìrẹ

Kò pẹ́ tí ìtàn ẹlòmíì fi máa jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa yún ọ. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé mẹ́ta. Wá àlàfo kan nínú ìtàn tó o fẹ́ràn, ibi tí òǹkọ̀wé ti fò kọjá, kó o kọ ọ̀rọ̀ 500 síbẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣọ́ yẹn ń rò lálẹ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé? Má tà á o. Òǹkọ̀wé ìwé ló ni àwọn èèyàn náà, ẹ̀bùn làwa ń fi tiwa ṣe.

Lẹ́yìn náà, yí ojú sí ilé. Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1920, fi ìtàn ọmọbìnrin kan sínú The Palm-Wine Drinkard, tó jáde lọ́dún 1952. Ọmọbìnrin náà rí arẹwà ọkùnrin kan lọ́jà, ó sì tẹ̀ lé e wọ igbó. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ẹsẹ̀ níbí, ọwọ́ lọ́hùn-ún, títí tó fi ku agbárí lásán. Ta ló tún ń sọ pé òkè òkun ni wọ́n ti kó àjèjì arẹwà inú igbó wá fún wa?

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ lédè Yorùbá ni ti obìnrin tó bọ́ awọ ẹran sílẹ̀, tí ọdẹ gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, tó wá fẹ́ ẹ níyàwó. Lẹ́nu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú èébú tí ìyáálé fi ń kọrin: "Máa jẹ, máa mu, awọ rẹ ń bẹ ní àká." Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni ìtàn náà sábà máa ń sọ. Mo kọ tèmi láti ojú obìnrin náà, lálẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ orin yẹn, tó gun àká lọ, tó fọwọ́ kan awọ rẹ̀, tó sì rí i pé ẹnì kan ti ń fi òrí pa á lọ́dọọdún kó má baà gan. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ àti ọ̀dàlẹ̀ ti dì mọ́ra tí mi ò lè tú wọn. Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kà á. Wọ́n bi mí pé, "Ó wá ṣe báwo?"

Fún àmì ohùn, fi èdè Yorùbá kún Gboard, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé Google, lórí fóònù rẹ. Tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì á jáde. Ó máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á mọ́ ọ lára. Tó o bá fẹ́ gbé e sí Archive of Our Own, o gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 13. Wọ́n á fi ímeèlì rẹ sórí ìlà, ìwé ìpè á sì wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwa tẹ tiwa sórí bébà, a fi òwú rán an láàárín, a sì kó o sínú páálí pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù.

Nígbà tí ìwé kan bá ti yí po, kí ẹni tó ni ín tó gbé e lọ, ẹ ṣí ojú ewé òfìfo tó wà lẹ́yìn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó kà á tán, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìwé ṣe tọwọ́ wọn kọjá. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Tádàwà bírò máa ń yọ sí òdìkejì.